Ọdún tí Bàbá Mi Dá Ẹgbẹ́ Ìpadàbọ̀ Sílẹ̀

Ògiri tó wà láàárín ilé wa àti ilé Bàbá Mọ́rísì ní Becontree fẹ́lẹ́ débi pé bí kẹ́tùlù tiwọn bá ń hó, ìyá mi á ní kí n lọ pa tiwa. Bí bàbá arúgbó náà bá sín, bàbá mi á dáhùn "ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà" láti orí àga rẹ̀. Bí àwa náà bá sì ń gbàdúrà ìdájí, tí ìyá mi ń lu agogo ọwọ́, tí bàbá mi ń pe àwọn áńgẹ́lì lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Amen! Now somebody put the bins out." Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ gbé bíìnì síta, tèmi ti oorun lójú. Kíláàsì tó kẹ́yìn ní pírámárì ni mo wà lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo sì fi gbogbo ọkàn gbà pé kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi láti Barking títí dé Èkó. Ọgbọ́n yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo wa kúrò nílùú Ọba. Bí mo bá rí ọmọ tó ń ṣe bíi tèmi lónìí, tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, mo máa ń wò ó tàánútàánú.

Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì, ìyá mi sì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Longbridge. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, Ẹfanjẹ́líìsì sì ni bàbá mi níbẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti ìyá mi la máa ń fọ sùtánà, a ó sá wọn sórí okùn lẹ́yìnkùlé, ọgbà wa á funfun gbòò. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó débẹ̀, Bàbá Mọ́rísì rò pé iṣẹ́ búrẹ́dì ni gbogbo ìdílé wa ń ṣe. Ó yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó bi ìyá mi bóyá ó lè bá òun mú búrẹ́dì dídì kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, irú èyí tí àwọn Júù bíi tòun máa ń jẹ lálẹ́ Jímọ̀. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Bàbá, irun ni mo lè dì. N ò mọ búrẹ́dì dì." Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ò pe ilé yẹn ní ilé rí. Ibùdó ló ń pè é. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láago pé, "Dádì, ṣé ẹ ti délé?" yóò ní, "Mo ti dé ibùdó. Ilé wà ní Ìjẹ̀bú." Bí a bá jókòó ti gàrí tútù lọ́jọ́ tí oòrùn bá ṣèèṣì yọ, yóò bu omi sí i, yóò wo ojú ọ̀run ilẹ̀ aláwọ̀ funfun, yóò sì sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, dúrọ́ọ̀mù búlúù ńlá kan wà, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Ẹ̀gbẹ́ ni a máa ń fi kọjá lára rẹ̀ ká tó lè dé kíṣìnì. Bàbá mi ní ọjọ́ tí dúrọ́ọ̀mù yẹn bá kún, ọjọ́ náà la ó lọ sílé pátápátá. Ohun tó bá jù sí i lọ́jọ́ Sátidé, ọṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì, mílíìkì inú agolo, ìyá mi á yọ ọ́ tó bá di Wẹ́sìdeè. Ó ní òun ò jalè, òun kàn ń yá a ni. Dúrọ́ọ̀mù náà ò kún, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí èmi ò fẹ́ lọ síbì kankan. Ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì tí mo fẹ́ ti gbà mí, mo sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń mí ní kíláàsì wa.

Ohun tó da omi àlàáfíà wa rú ni pé tíṣà ní ká lọ fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà kan ládùúgbò lẹ́nu wò, ká wá sọ ìtàn rẹ̀. Ìyá arúgbó tó sá fún bọ́ǹbù nígbà ogun ni mo ń wá. Kí n tó fi ìyàngàn mi rìn dé ìdí ọ̀nà, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti pín gbogbo ìyá arúgbó tó sá fún bọ́ǹbù tán. Bàbá Mọ́rísì nìkan ló kù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, òdòdó róòsì ló kù tó ń bá jà. Mo jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ àti tápù tó fi kọ́rùn bí ẹni pé oníbàárà ṣì ń bọ̀, mo bi í pé kí ló gbé ṣe láyé. Ó ní, "I sat in meetings, darling." Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò ó pé máàkì mi ti lọ.

Ṣùgbọ́n bàbá náà mọ ìtàn sọ, mo kàn ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá níbí ni. Ó ní àwọn Júù ti fọ́n ká gbogbo ayé tipẹ́tipẹ́. Lọ́dọọdún, níparí oúnjẹ àjọ Ìrékọjá, wọn á jọ sọ pé, "Ọdún tó ń bọ̀, ní Jerúsálẹ́mù," lẹ́yìn náà wọn á dìde lọ fọ abọ́. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kan wà ní Rọ́ṣíà tí wọ́n ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá abọ́ fífọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ara wọn. Ìgbà náà ni akọ̀ròyìn kan onírùngbọ̀n, Júù ni, rí bí wọ́n ṣe fi ẹ̀sùn èké gba oyè lọ́wọ́ ọ̀gá ológun kan tó jẹ́ Júù ní Faransé, tí èrò ìgboro sì ń ṣépè fún gbogbo Júù lápapọ̀. Ó ronú pé àwọn Júù ò ní sinmi láyé yìí àfi tí wọ́n bá ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan, àwọn èèyàn fi í rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ká yé kọ̀wé, ká ṣèpàdé. Ìlú kan ní Jámánì ló kọ́kọ́ mú, àwọn Júù ibẹ̀ fúnra wọn ló ní kó má wá kó wàhálà bá àwọn, ló bá gbé ìpàdé náà lọ sí Básẹ̀lì ní Switzerland.

Ibi tí Bàbá Mọ́rísì gbádùn jù nínú ìtàn náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ, télọ̀ ṣáà ni. Ó ní ọkùnrin onírùngbọ̀n náà pàṣẹ pé kí gbogbo aṣojú wọ kóòtù dúdú onírù àti táì funfun wá, láàárọ̀ kùtù, nínú ooru. Èèyàn pàtàkì kan wọ kóòtù lásán wá, onírùngbọ̀n bẹ̀ ẹ́ títí tó fi lọ pààrọ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ kí àwọn ọba ayé fún òun ní orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ wọ ohun tó wọ̀ lọ ra ẹran. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀: wọ́n yan ààrẹ, wọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá san owó ẹgbẹ́ ní ìbò, ti àwọn obìnrin di ìpàdé kejì, wọ́n dá báńkì sílẹ̀ ní London níbí, wọ́n ṣe àpótí búlúù kékeré tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan fún ríra ilẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan lórí pẹpẹ ìdáná rẹ̀. Wọ́n jà bí ajá àti ológbò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n wá gba ilẹ̀ ní Áfíríkà, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún bí ẹni òfò ṣẹ̀. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kú kó tó rí ohunkóhun. Ẹgbẹ́ ò kú. Ó ta ẹ̀ka káàkiri ayé títí dé ìhà ìlà-oòrùn London, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ kan tí ń jẹ́ Mọ́rísì ti di akọ̀wé. Orílẹ̀-èdè náà dìde níkẹyìn, wọ́n wá bi ara wọn pé kí ni ẹgbẹ́ tún wà fún. "Kí wá ni ẹ ṣe?" ni mo bi í. Ó ní, "A yan ìgbìmọ̀ tí yóò wò ó. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi ń se ìkọ́kọrẹ́, èmi ni mo sì ń rin ewùrà tó rà ní ọjà East Street. Ewùrà ń yún mi lọ́wọ́, ẹnu ò sì dákẹ́. Mo dúró bí oníwàásù, mo ń sọ ìtàn Básẹ̀lì sí wọn létí. Ìyá mi kàn bi mí léèrè ọ̀kan ṣoṣo láìgbójú sókè nídìí ìkòkò. "Ilẹ̀ tí wọ́n ń wí yìí, ṣé òfìfo ló wà ni? Ta ló ń gbé ibẹ̀?" Mi ò mọ̀ ọ́n, ó sì bí mi nínú pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ bi Bàbá Mọ́rísì. Ó ní rárá, kì í ṣe òfìfo, àwọn Lárúbáwá ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ilé àti igi ólífì wọn. Ó ní nínú gbogbo ìpàdé tí òun jókòó sí, àwọn ò sọ̀rọ̀ wọn tó bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì pàdánù ilé nígbà tí àwọn Júù rí ilé. Àwọn Lárúbáwá náà wá ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀. "Sọ fún ìyá rẹ," ó ní, "pé ìbéèrè rẹ̀ le ju gbogbo tèmi lọ." Mo jíṣẹ́. Ìyá mi mi orí, ó da ẹja sínú ìkòkò.

Bàbá mi ò gbọ́ ìyẹn o. Ó ti ro ìtàn náà dé ibi kóòtù onírù, ó dúró síbẹ̀. Ó ti gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kì í ṣe ohun ojúmọ́. "Ìyá Ṣadé," ó ní, "o ò rí i? Ìpàdé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀! Àwa tí a wà níbí, kí la ń ṣe? Ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ká gba ike lọ́wọ́ onínàáwó, ká lọ sùn. Everybody dey talk say dem dey go home, nobody dey organise am!" Ìyá mi ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ jẹun, ó ń tutù." Ṣùgbọ́n oúnjẹ ti kúrò lọ́kàn bàbá mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti dá Ẹgbẹ́ Ìpadàbọ̀ Sílé ti Káríayé sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú wa tó wà ní Barking àti Dagenham. Wọ́n bi í pé níbo ni káríayé náà wà. Ó ní Bùrọ̀dá Dèjì ń gbé ní Cardiff, Cardiff wà ní Wales, orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ sì ni Wales.

Èmi, òmùgọ̀ ọlọ́gbọ́n, inú mi dùn. Bàbá mi ní èmi ni n óò ka ìtàn Básẹ̀lì fún àwọn aṣojú níbi ìpàdé àkọ́kọ́. Mo ń ṣe é lójú dígí, mo ń gbé ìka sókè. Ọjọ́ tí mo gbọ́ apá tó kù ni ẹ̀rín pa rẹ́ lẹ́nu mi. Bàbá mi ń bá Bùrọ̀dá Dèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ kan lu dúrọ́ọ̀mù. "Aṣáájú ló ń kọ́kọ́ lọ, Dèjì. Ìdílé tèmi la ó fi bẹ̀rẹ̀. Tí ìsinmi sọ́mà bá parí, Ṣadé á bẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdírì nílé. N óò kéde rẹ̀ níbi ìpàdé, kí ìtìjú má jẹ́ kí n lè padà sẹ́yìn." Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹnu mi ni mo fi kó èyí bá ara mi: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá mi náà ti gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò yọ ohunkóhun nínú dúrọ́ọ̀mù mọ́, kò sì bá bàbá mi jà. Ó kàn ń fọ abọ́ láìkọrin. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ìyá mi ò fọ abọ́ láìkọrin rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ. Bàbá mi pàṣẹ pé kò sí aṣojú tó gbọdọ̀ wọ agbádá. Súùtù dúdú àti táì funfun ni, bíi ti Básẹ̀lì. Bàbá Mọ́rísì gbọ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n pè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tú súùtù méjì tó ti gbó, ó fi wọ́n rán kóòtù onírù kan fún bàbá mi, ìrù náà gùn dé ẹ̀yìn orúnkún. A gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn ògiri fún ìgbà pípẹ́. Gbọ̀ngàn ìjọ wa ni bàbá mi mú fún ìpàdé. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni, ní àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ ní Barking. Kọ́ọ̀tìnì funfun ló dá a sí méjì, ìhín jẹ́ gbọ̀ngàn, ọ̀hún jẹ́ tẹ́ńpìlì. Gbogbo ọmọ ìjọ wa ló mọ̀ láti kékeré pé aṣọ dúdú jẹ́ èèwọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó ń dá àlejò aláṣọ dúdú padà. Ṣùgbọ́n kóòtù onírù ti bò ó lójú.

Ọjọ́ Sátidé ni, òjò ń sẹ̀. Àwọn aṣojú dé ní dúdú dúdú. Bùrọ̀dá Dèjì wá láti Cardiff pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn ní hòtẹ́ẹ̀lì, òun nìkan ló sì jọ ará Básẹ̀lì. Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú sùtánà, láìwọ bàtà, ó wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Ẹfanjẹ́líìsì, kí lẹ kó wá bá mi yìí?"

"Bàbá, gbọ̀ngàn la fẹ́ lò o. A ò ní kọjá sí tẹ́ńpìlì rárá. Kọ́ọ̀tìnì ló pààlà."

"Ṣé àwọn áńgẹ́lì tí ẹ máa ń pè ò lè ríran kọjá kọ́ọ̀tìnì ni?"

"Bàbá, a lè bọ́ kóòtù."

"Ṣòkòtò náà ńkọ́? Ṣé ẹ máa bọ́ ìyẹn náà?"

Gbogbo wọn wo ṣòkòtò wọn. Dúdú ni. Bàbá Olùṣọ́ bá wa kẹ́dùn, ó gbàdúrà fún wa lórí ìdúró níbẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo rí ojú bàbá mi nínú òjò yẹn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ìgbàlà mi ti fara hàn, ṣùgbọ́n ìrù kóòtù rẹ̀ ti rẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an. Ìyá mi ló ní ká máa lọ sílé. Bàbá mi ní, "Sí ibùdó." Ìyá mi ní, "Níbikíbi tí ò bá ti sí òjò." A wọ bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ tó wà nínú rẹ̀ mọ bàbá mi níbi iṣẹ́. Ó wo ogunlọ́gọ̀ aláṣọ dúdú tí ojú wọn fà ro, ó pa rédíò, ó ní, "Sorry for your loss, bruv," ó sì rọra wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá àgbà aláwọ̀ funfun kan dìde fún ìyá mi láti jókòó. Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé. Kódà, Bùrọ̀dá Dèjì gba ìbánikẹ́dùn náà, ó dúpẹ́.

Pálọ̀ wa ò lè gbà wá, dúrọ́ọ̀mù ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Mọ́rísì ti gbọ́ ariwo lẹ́yìn ògiri, ó ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Òun náà ti wọ súùtù tán, ó ti ń retí kí ẹnì kan wá sọ fún un bí ó ṣe lọ. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n lé wa, ojú rẹ̀ tàn. "Wọ́n lé àwọn náà ní ìlú àkọ́kọ́!" ó ní. "You're doing it properly, Mr Ajíbádé." Ọ̀rọ̀ yẹn gbé bàbá mi dìde. Bí a ṣe ṣe ìpàdé àgbáyé wa nìyẹn, nínú pálọ̀ télọ̀ kan ní Becontree, àwọn kan lórí àga, àwọn kan nílẹ̀, àwọn kan lórí àtẹ̀gùn. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi ní òun ní ìbéèrè. Ó ní Ṣadé ti sọ fún òun pé ní Básẹ̀lì, àwọn obìnrin ò ní ìbò ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n di ìkejì kí wọ́n tó fún wọn. "Èmi ò ní dúró de ìkejì," ó ní, ó sì jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin.

Bàbá mi ní kí n kà. Mo dìde. Mo ka ìtàn náà láti ọ̀rọ̀ Ìrékọjá títí dé kóòtù, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo dé ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ di akọ̀wé, mo rí bàbá mi tó ń tún táì rẹ̀ ṣe láti dìde kéde, gbogbo ohun tí mo há sórí sì fò lọ. Mo yíjú sí Bàbá Mọ́rísì, mo ní, "Kí ló dé tí ẹ̀yin fúnra yín ò lọ?"

Ọmọ Yorùbá kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀ láàárín àwùjọ, ojú ti ìyá mi. Bàbá náà ò bínú. Ó ní òun ni akọ̀wé, òun lòun máa ń sin àwọn tó ń lọ dé ibùdókọ̀ ojú irin, òun á juwọ́, òun á padà wá. Tí òun bá fẹ́ lọ, wọn ò rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ akọ̀wé. Lẹ́yìn náà ìyá òun ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà òun gbé ìyàwó, ìyàwó gbin róòsì. "Mo ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀," ó ní. "Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ti dàgbà ju gbogbo yín lọ."

Bàbá mi ló bi í, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bàbá, ṣé kò dùn yín?"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó máa ń dùn mí gan-an. Tó bá di Túsìdeè, ọjà East Street á ṣí, màá lọ ra ẹja."

Bàbá mi dìde. Kò kéde ohun tó fẹ́ kéde. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló máa bá mi lọ sílé tí sọ́mà yìí bá parí?" Òun fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Àwọn aṣojú ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Bùrọ̀dá Dèjì ní, "Chairman, ẹ máa lọ ná, we dey your back." Ìyá mi ò gbé ọwọ́, kò sì gbé ojú. Bàbá mi wá wò mí. Omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Dad, please. Mi ò fẹ́ lọ. Ibí yìí nilé mi." Mo ti pe ibẹ̀ ní ilé lójú rẹ̀, níwájú gbogbo ayé àti Wales. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi nu ojú mi. Lẹ́yìn náà ó húkọ́, ó ní gẹ́gẹ́ bí alága, òun dá a lábàá kí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìpadàbọ̀. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè, ti ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, Bàbá Mọ́rísì sì fi tápù ọrùn rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi ń fọ abọ́, ó ń kọrin, ó sì yọ ọṣẹ kan nínú dúrọ́ọ̀mù.

Ìgbìmọ̀ náà ṣì ń wò ó. Èmi ṣì ni akọ̀wé, ilé kan náà ni mo ṣì ń gbé, n óò purọ́ tí mo bá ní mo ń kánjú. Bàbá Mọ́rísì ti kú. Kóòtù onírù ni bàbá mi wọ̀ lọ sin ín, ọjọ́ yẹn nìkan ni aṣọ náà bá ibi tí a wọ̀ ọ́ lọ mu. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, ó di dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ó kún lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi ló bá a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó lọ sílé ní Ìjẹ̀bú bó ṣe máa ń wí. Ìyá mi ń lọ, ó ń bọ̀. Mo rò pé ìtàn parí níbẹ̀, pé bàbá mi borí, pé ẹni tó sọ pé òun ń lọ sílé ti lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó pè mí. Mo ń gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. "Akọ̀wé! Ìpàdé la wà o." Mo ní ìpàdé kí ni. Ó ní àwọn tó padà wálé láti London ti pọ̀ ní ìlú, àwọn ará ilé ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn yé, nítorí náà òun ti dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Dagenham sílẹ̀. Súùtù dúdú ni wọ́n ń wọ̀, nínú oòrùn Ìjẹ̀bú. Tíì ni wọ́n ń mu, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀sì tí kò gba ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní tí ìpàdé bá fẹ́ parí, gbogbo wọn á gbé ife sókè. Mo gbọ́ wọn nínú fóònù, àwọn bàbá arúgbó, wọ́n jọ ń sọ ọ́: "Ọdún tó ń bọ̀, ní Dagenham!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì mọ̀ pé omi náà kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́.

Ariwo náà rọlẹ̀. Mo gbọ́ tí bàbá mi kúrò láàárín wọn, tó wá ibi tó pa rọ́rọ́.

"Ṣadé, róòsì Bàbá Mọ́rísì ńkọ́?"

"Ó ṣì ń yọ, sà. Àwọn tó kó débẹ̀ ń bomi rin ín."

"O gbé bíìnì síta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Ó dáa," ó ní. "Bá mi kí ilé."